Ọdún Tí Ara Ń Yún Bámijókòó

Ìró kan wà tí n kò gbọ́ mọ́ láti ìgbà èwe mi, tí n kò sì lè gbàgbé: ìró ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá kékeré kan lára ilẹ̀kùn pákó. Gbọ̀, gbọ̀, gbọ̀, bí àlejò onítìjú tó ń kanlẹ̀kùn tí kò sì fẹ́ kí wọ́n ṣí i fún òun. Ní ilé ìyá àgbà mi ní Oǹdó, ìró yìí ló máa ń ṣáájú gbogbo ìró òwúrọ̀. Kí aago ṣọ́ọ̀ṣì tó lù, kí Ìyá Àgbà tó wú ikọ́ àkọ́jí, kí igi tí a fi ń tú kòkó tó bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí ẹní, ajá náà á ti jókòó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, á ti máa họra, orúnkún rẹ̀ á sì máa gbá pákó. Lónìí, èmi nìkan ni mò ń gbé ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́. Ìyàwó mi ti lọ, àwọn ọmọ wà lókè òkun, fóònù ni wọ́n fi ń kí mi. Òwúrọ̀ mi máa ń dákẹ́. Kẹ̀kẹ́ kan á kọjá lójú títì, aládùúgbò á gbá àgbàlá rẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà kò tún sí nǹkan kan. Nínú irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni etí arúgbó ti máa ń wá ohun tí yóò gbọ́ kiri, èyí tí etí tèmi sì máa ń rí ni ẹsẹ̀ ajá yẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ìyá mi, tó jẹ́ ọmọ Oǹdó, ṣàìsàn lọ́dún náà, àìsàn tí wọn kì í dárúkọ rẹ̀ lójú ọmọdé. Wọ́n dá a dúró sí ọsibítù. Olùkọ́ ni bàbá mi, ilé ìwé kan ní Ìjù ló ti ń kọ́ni, kò sì lè máa dá tọ́jú ọmọ. Bí wọ́n ṣe fi mí ránṣẹ́ sí ìyá ìyá mi nìyẹn. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ náà di òjò, òjò náà di ọyẹ́. Kí n tó lọ, àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Àkúrẹ́ ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. "Oǹdó lò ń lọ? Ṣọ́ra o! Lókílí ni wọ́n máa fi kí ọ káàbọ̀!" Lókílí ni ẹran ajá, gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn kan máa ń jẹ ẹ́ ní Oǹdó, gbogbo wa la sì máa ń fi dá àpárá. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń dúró dè mí níbẹ̀.

Ènìyàn méjì péré ni mo bá nílé, ilé náà sì tóbi. Ìyá Àgbà ló ni ín, ó ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Dírẹ́bà nítorí ọkọ̀ akẹ́rù tó fi ń kó kòkó. Bàbá Dírẹ́bà kì í sábà sí nílé. Bó bá dé, ariwo á dé, ẹ̀rín á dé, òórùn epo ọkọ̀ á sì dé pẹ̀lú. Bó bá ti lọ, ó ku èmi àti Ìyá Àgbà, tí kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀ púpọ̀. Iṣu ló máa ń bá sọ̀rọ̀. "Ìwọ, o ò ní í jinná lónìí ni? Ṣé o fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ pẹ́ dé ilé ìwé ni?" Òun á máa gún iyán, èmi á jókòó sórí àpótí, n óò máa wò ó. Iṣẹ́ mi ni kí n gbálẹ̀, kí n pọn omi ní ẹnu ẹ̀rọ, kí n máa tú kòkó nínú oòrùn kí ó lè gbẹ kárí, kí n sì máa kó o wọlé bí òjò bá ṣú. Ní ilé ìwé, "Ará Àkúrẹ́" ni wọ́n ń pè mí. Kò sí ẹni tó lù mí, kò sì sí ẹni tó pè mí wá ṣeré. Ẹni tí wọ́n bá lù tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n rí òun.

Ọjọ́ kejì tí mo dé ni mo rí ajá náà dáadáa. Ajá pupa kékeré ni, kò ga ju kókósẹ̀ àgbà lọ púpọ̀. Irun ti ré kúrò ní ẹ̀yìn rẹ̀ àti létí rẹ̀ méjèèjì, awọ ibẹ̀ nípọn, ó sán bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀. Eégbọn tò sí etí rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Bó bá fẹ́ sùn, á yí po lórí àpò kòkó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, á dùbúlẹ̀, kó tó di pé ojú rẹ̀ pa dé, ara á tún yún un, á tún dìde. Kò sí ẹni tó ń fọwọ́ kàn án. Ìgbálẹ̀ ni Ìyá Àgbà fi ń sún un kúrò lọ́nà. Mo lọ bá Bàbá Dírẹ́bà níbi tó ti ń fọ ọkọ̀.

"Bàbá, kí lorúkọ ajá yìí?"

"Ajá."

"Orúkọ rẹ̀ ni mò ń béèrè, sà."

"Mo sì ti dá ọ lóhùn. Ajá lorúkọ ajá. Àbí ẹ máa ń sọ adìyẹ náà lórúkọ ní Àkúrẹ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ta omi sí mi lára.

Bí èmi fúnra mi ṣe sọ ọ́ lórúkọ nìyẹn. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa tó ń jẹ́ Bámijókòó, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ mi létí. Ìyá Àgbà gbọ́ mi níbi tí mo ti ń pe ajá náà, ó dá ọwọ́ dúró lórí ẹ̀gúsí tó ń bó.

"Ta lò ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Ajá ni, mà."

"Bámijókòó? O mọ̀ pé orúkọ àbíkú ni? Ọmọ tó ń kú tó ń padà wá ni wọ́n máa ń bẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"N kò mọ̀, mà. Mo kàn fẹ́ kó máa bá mi jókòó ni."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gúsí rẹ̀. "Ó dáa. Máa pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ tó o bá fi kàn án jẹun láìfọ̀ ọ́."

Bàbá Dírẹ́bà ló fún mi ní ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ nípa ara tó ń yún un. Ọ́ìlì dúdú ni, ó ní, èyí tí wọ́n bá tú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì. Kò sí kòkòrò tí kò ní í pa, gbogbo dírẹ́bà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó bu díẹ̀ fún mi nínú agolo mílíìkì. Mo fi pa Bámijókòó láti orí dé ìrù, inú mi dùn, ó ń dán bí bàtà olùkọ́. Kò ju wákàtí kan lọ tó fi lá èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ọjọ́ méjì ló fi ń bì, tí kò lè dìde, awọ ara rẹ̀ sì pọ́n bí ẹran tí a bó. Mo jókòó tì í, mò ń sunkún. Ìyá Àgbà jáde wá, ó fi ìka kan kan ara ajá náà, ó gbóòórùn ìka náà.

"Ta ló ní kó o fi èyí pa á?"

"Bàbá ni, mà."

"Ṣé ẹ́ńjìnnì ni ajá?" Ó kígbe pe ọmọ rẹ̀ nínú ilé. "Mo ní, ṣé ẹ́ńjìnnì ni ajá? Ìwọ tó o mọ̀ ọ́n, lọ mu ife kan kí n rí ọ!" Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Gbọ́. Ohunkóhun tó o bá fi pa ajá lára, ahọ́n rẹ̀ ni yóò gbà á kẹ́yìn. Kò ní ọwọ́. Ahọ́n ni ọwọ́ rẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn ni ó ti ń kọ́ mi. Àpò kòkó tí ajá náà ń sùn lé ni ó kọ́kọ́ sun níná, ó da omi gbígbóná sí ilẹ̀ ibẹ̀, ó ku eérú sí i. "Ibùsùn ni ìfọ́n ń gbé," ó ní. "Bó o bá wẹ ajá, tí o kò wẹ ibi tó ń sùn, ẹsẹ̀ ẹni tó ṣì dúró nínú ẹrẹ̀ lò ń fọ̀." Ní gbogbo Sátidé, mo máa ń já ewé àsúnwọ̀n lẹ́yìn ilé, n óò gún un, n óò pò ó mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, n óò sì fi ọṣẹ dúdú wẹ Bámijókòó. N óò yọ eégbọn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú agolo karosíìnì. Bí ara rẹ̀ bá gbẹ, Ìyá Àgbà á po imí-ọjọ́ díẹ̀ mọ́ àdín, èmi á sì fi pa á níbi tó ti pá. Iṣẹ́ tó ṣòro kù síbẹ̀: kó má baà lá oògùn náà, mo ní láti gbé orí rẹ̀ lé itan mi, kí n fọwọ́ rọra di ẹnu rẹ̀ mú títí yóò fi wọ̀ ọ́ lára. Ní Sátidé àkọ́kọ́ ó bá mi jìjàkadì. Ní ìkẹta, kó tó di pé mo jókòó, ó ti dùbúlẹ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè kí n lè rí ikùn rẹ̀, ó sì di ojú.

Àkókò yẹn ni mo máa ń bá a sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un pé lẹ́tà bàbá mi dé, pé wọ́n ní ara ìyá mi ń yá díẹ̀díẹ̀, pé "díẹ̀díẹ̀" yìí náà ló wà nínú lẹ́tà tó ṣáájú. Mo sọ fún un pé mo ti ń gbàgbé bí ohùn ìyá mi ṣe rí. N kò sọ èyí fún ẹlòmíràn láyé mi títí mo fi dàgbà. Nígbà tí mo dé yunifásítì, mo rí àwòrán kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tó máa ń gbẹ́lẹ̀ sábẹ́ awọ ajá, tí ojú kò lè rí. Mo wò ó, mo ń rántí Ìyá Àgbà àti omi gbígbóná rẹ̀. Kò rí kòkòrò yẹn rí, ó kàn mọ ibi tó ń gbé ni. Ó ti kú nígbà náà, kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún tí yóò yé.

Kí òjò tó dá, irun ti hù padà. Irun pupa tó dán, ó bo ẹ̀yìn rẹ̀, ó bo etí rẹ̀. Ó ń tẹ̀ lé mi dé ẹnu ẹ̀rọ, ó ń dúró dè mí ní kọ́nà bí a bá jáde ilé ìwé, àwọn ọmọ tí kì í bá mi sọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, "Ará Àkúrẹ́, ṣé ajá rẹ nìyẹn?" Mo ń dáhùn pé, bẹ́ẹ̀ ni. N kò mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa.

Ìgbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni Bàbá Dírẹ́bà ra ẹ́ńjìnnì tuntun sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́rú kan, ó dé, inú rẹ̀ dùn, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa ajá náà lẹ́yìn láti ọrùn dé ìrù. N kò rí i kó fọwọ́ kàn án rí.

"Ará Àkúrẹ́, o ṣeun o. Mo rò pé èyí ti ṣòfò ni. Láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ ni mo ti rà á fún Ògún, kúrúnà ló dí mi lọ́wọ́. Ògún kì í gba ẹran tí ara rẹ̀ kò dá. Lọ́jọ́ Ẹtì tí ọkọ̀ máa jáde la máa pa á. Ọwọ́ rẹ la fi tún un ṣe, wàá jẹ nínú rẹ̀."

Mo di ajá náà mú. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ajá mìíràn ńkọ́?"

"Kí ni èyí ṣe? Ẹ̀jẹ́ ni mo jẹ́. Kí n máa gun irin lọ gun irin bọ̀, kí n sì fi ohun tó pé pamọ́ fún un? O fẹ́ kí n kú sójú títì ni?" Kò bínú. Ó fọwọ́ pa mí lórí gẹ́gẹ́ bó ti fọwọ́ pa ajá náà. Kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ìrìn rẹ̀ léwu, ẹ̀rù sì ń bà á, ohun tó mọ̀ láti fi wá ààbò nìyẹn.

Mo sáré bá Ìyá Àgbà nínú ilé ìdáná. Mo rò pé ẹni tó ń jókòó ní ìlà iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì yóò bá mi gba ajá náà sílẹ̀. Ó tẹjú mọ́ iná. "Ilé ni mo ni, n kò ni ọkọ̀. Ajá rẹ̀ ni, òun ló rà á. Mo ti bá a jà lórí Ògún títí ó fi rẹ̀ mí, mo ti fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́." Ó ti igi sínú iná, ó tún ní, "Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ. Mo ń rí i pé o ń rẹ́rìn-ín ni."

Gbogbo òru yẹn kò jẹ́ nǹkan kan fún mi ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ: ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá. Ní Ọjọ́bọ̀, bí a ṣe jáde ilé ìwé, mo gba ẹ̀yìn ibi tí a ń sá kòkó sí lọ síbi tí wèrèpè ti fà mọ́ igi. Ìyá Àgbà ti kìlọ̀ fún mi láti ọjọ́ tí mo dé pé n kò gbọdọ̀ dé abẹ́ rẹ̀ nígbà ọyẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ lásán lè gbé irun ara èso rẹ̀ lé ènìyàn lára. Mo fi ewé kókò dì í mú, mo já mẹ́ta. Irun wọn pọ́n, ó ń dán, ó jọ irun ajá náà gan-an.

Bámijókòó rí mi, ó ju ìrù. Ó rí i pé mo jókòó sórí òkúta tí mo máa ń jókòó lé ní Sátidé, ó sì rí i pé nǹkan wà lọ́wọ́ mi. Ó rìn wá, ó dùbúlẹ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ níwájú mi. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ó di ojú.

Mo fi wèrèpè náà họ ọ́ lẹ́yìn láti èjìká dé ìdí.

Àwọn nǹkan kan wà tí n kò ní í kọ tán. Ó ké bí ọmọ ènìyàn. Ó sá yí ilé po, ó ń yí nínú iyẹ̀pẹ̀, ó ń fi ara gbo ògiri, ó ń fi eyín já irun ara rẹ̀ tí mo fi oṣù mẹ́fà mú hù padà. Lẹ́ẹ̀kan, ó sáré padà wá bá mi, bí ẹni pé mo lè bá a dá a dúró. Nígbà tí ó gbóòórùn ọwọ́ mi, ó dúró. Ó wo ojú mi. Ó fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó sì lọ sábẹ́ àká.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Bàbá Dírẹ́bà wá pẹ̀lú okùn. Ó fà á jáde lábẹ́ àká, ó pariwo. "Kí lèyí? Kúrúnà ti padà! Ìyá, ẹ wá wò ó! Lánàá ńkọ́!" Ẹ̀yìn ajá náà ti bó, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, irun ti ré ní ṣákaṣàka. Ìyá Àgbà jáde, ó so ìró rẹ̀ le. Ó wo ajá náà. Lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ mi, tó ti wú, tó ti pọ́n dé ọrùn ọwọ́, tí mo ń gbìyànjú láti fi pamọ́ sẹ́yìn, tí mo sì ń họ láìmọ̀.

"Ìyá, kí lẹ rò pé ó jẹ́?"

"Bí kúrúnà bá ti wọ ara," Ìyá Àgbà dáhùn, "ṣé ó máa ń lọ tán ni? Gbé okùn rẹ kúrò lójú mi, kó o lọ wá ẹran tí ara rẹ̀ dá." Títí dòní ni mo máa ń ronú lé e. Ìbéèrè ló bi í, kò purọ́.

Ajá dúdú kan ni Bàbá Dírẹ́bà rà wá kí oòrùn tó kan orí. Nígbà tí wọ́n ń fà á kọjá níwájú ilé, ó na imú sí mi, ó gbóòórùn mi, ó sì ju ìrù. N kò mọ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. N kò ronú kàn án nígbà tí mò ń já wèrèpè. Bí mo ṣe ń dàgbà ni mo túbọ̀ ń rí imú rẹ̀.

Ìyá Àgbà pè mí wọ ilé ìdáná, ó fi epo pupa àti eérú pa ọwọ́ mi. Kò bá mi wí. Ó kàn sọ pé, "Wèrèpè kì í mọ ẹni tó gbé e wá." Láti ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń tọ́jú ajá náà, ó sì tún yá. Ṣùgbọ́n kò wá sọ́dọ̀ mi mọ́. Bí mo bá pè é, á dúró, á tẹ́tí, á gba ibòmíràn. Bí mo bá gbé orí ẹja sílẹ̀ fún un, á dúró jìnnà títí n óò fi wọlé kó tó jẹ ẹ́. Sátidé dé, mo jókòó sórí òkúta náà láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Ìyá Àgbà rí mi, ó wá jókòó tì mí. "Kò lè mọ̀ pé o gbà á là," ó ní. "Kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ fún un. Ìwọ nìkan ni wàá máa mọ̀ ọ́n."

Lẹ́yìn Kérésìmesì, lẹ́tà dé pé ìyá mi ti wà nílé. Bàbá Dírẹ́bà ní òun yóò gbé mi dé Àkúrẹ́, nítorí ó ń kó ẹrù lọ síbẹ̀. Mo di àpótí mi, mo dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà, mo sì wo gbogbo àgbàlá. Ajá náà wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, irun rẹ̀ ti bo ara, ó ń wò wá. Mo bẹ̀rẹ̀, mo na ọwọ́. Ó dìde, ó lọ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà.

Ẹ́ńjìnnì tuntun náà kò pariwo púpọ̀. A ti kọjá ilé tó kẹ́yìn ní ìlú kí Bàbá Dírẹ́bà tó sọ̀rọ̀. Ó káàánú mi, mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀, ó sì fẹ́ tù mí nínú.

"Gbogbo wàhálà tó o ṣe lórí ajá yẹn, kò tilẹ̀ sìn ọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Jẹ́ kí n sọ fún ọ, ọmọ mi: aláìmoore ni ajá."

Mo fẹ́ sọ pé irọ́ ni. Mo fẹ́ sọ fún un pé ó moore, pé ó dùbúlẹ̀ fún mi, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó di ojú. Ṣùgbọ́n bí mo bá la ẹnu sí èyí, mo ní láti sọ ìyókù, ajá náà sì ṣì wà nílé, ní ìkáwọ́ rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," mo ní. "Aláìmoore ni."